Ọmọ Ta Ni, tàbí Owó Ta Ni?

Orúkọ àwọn ọmọ tuntun, ti àwọn tó ṣe ìgbéyàwó, àti ti àwọn àgbà wa tó wọ káà ilẹ̀ sùn, gbogbo rẹ̀ wà ní ojú ìwé Ìròyìn Ẹbí, a kò ní í tún un kà níhìn-ín. Kí Ọlọ́run wo àwọn ìkókó dàgbà, kí Ó sì tu àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú. Ọyẹ́ ti dé, ẹ fi aṣọ òtútù wọ àwọn ọmọ kí ẹ tó rán wọn jáde láàárọ̀.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí wa pé ọmọ òun tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga bi òun léèrè ọ̀rọ̀ kan, òun kò sì mọ ibi tí òun ìbá ti dì í mú. Ọmọ náà ní: "Ṣé òótọ́ ni pé ọlọ́pàá òyìnbó mú gómìnà wa rí? Bí wọ́n bá mú un, báwo ló ṣe tún di sẹ́nátọ̀?" Ìyá náà ní kí a bá òun dá a lóhùn. Ìbéèrè náà tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú yìí kò tíì máa rìn nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, àwa tí ó sì ṣojú wa ti dákẹ́ jù.

Joshua Dariye, ọmọ Mushere ní ìjọba ìbílẹ̀ Bokkos, di gómìnà Plateau ní ọjọ́ 29 oṣù May 1999, wọ́n sì tún un yàn ní 2003. Nígbà rẹ̀ ni ìjà ńlá September 2001 ṣẹlẹ̀ ní Jos, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ kí a tún rántí. Nígbà rẹ̀ náà ni iná jó Ọjà Ńlá ní February 2002, tí àwọn ìyá wa káwọ́ lérí ní ojú títì. Nígbà tí ìpànìyàn Yelwa, lọ́nà Shendam, sì tún ṣẹlẹ̀ ní 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ kéde ìjọba pàjáwìrì ní ọjọ́ 18 oṣù May. Ó ní kí gómìnà àti àwọn aṣòfin lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà, ó sì fi ọ̀gágun Chris Alli tó ti fẹ̀yìn tì ṣe alábòójútó wa.

Nínú oṣù mẹ́fà yìí ni Dariye wà ní London tí ọlọ́pàá ibẹ̀ fi mú un, ní ọjọ́ 2 oṣù September 2004. Owó lọ́wọ́ tí wọ́n bá lọ́dọ̀ rẹ̀ lé ní £40,000. Wọ́n gba béèlì rẹ̀ pé kí ó máa wá jẹ́ ìpè, ṣùgbọ́n ó wá sílé, kò sì padà lọ mọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ Nàìjíríà, abala 308 nínú ìwé òfin 1999 ṣíji bò ó bí agbòòrùn, nítorí òfin náà ní a kò gbọdọ̀ mú gómìnà tàbí kí a pè é lẹ́jọ́ ọ̀ràn níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lórí àga. Ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n mú gómìnà Bayelsa, Alamieyeseigha, ní pápákọ̀ òfuurufú Heathrow, òun náà sì wá ọ̀nà sá wálé. Ìyẹn ni ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àwọn gómìnà wa ní ọ̀nà ẹ̀bùrú kan láti London tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ìròyìn Dariye kò pẹ́ kí ó tó gba ìlú kan. Àwọn tó máa ń dúró ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Terminus pọ̀ dé ibi pé oníwèé kò rí ẹni tó fẹ́ rà mọ́. Àwọn kan ń bú u. Àwọn kan ní irọ́ ni, wọ́n ní ẹni tó fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ló kó owó náà sí i lápò. Àwọn kan kò sẹ́ pé owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ni £40,000 jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn mìíràn ti kó. Àwa Yorùbá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: a lọ sínú yàrá, a ti ìlẹ̀kùn, a rẹ́rìn-ín. A ní gómìnà wọn ni, kì í ṣe gómìnà wa. Àwa tí a ń san owó orí níhìn-ín, tí àwọn bàbá wa bá ọkọ̀ ojú irin wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀ffà, láti ibi gbogbo, tí wọ́n sì kọ́ ilé tí wọ́n kú sí, a ń pè é ní gómìnà wọn.

Ẹ̀rín náà kò tọ́jọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà yí padà lé wa lórí. Ẹ rántí pé Ọbásanjọ́ ló wà lórí àga l'Ábùjá. Nígbà tí àjọ EFCC bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ Dariye, ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé ìjà òṣèlú ni, pé Ààrẹ ń bá a jà. Ìgbà náà ni oníbàárà tó ti ń rajà lọ́dọ̀ ẹni láti ọdún mẹ́wàá yóò na owó sí ọ wò, tí yóò ní: "Kí ni bàbá yín ń bá gómìnà wa jà sí?" Kò sí ẹni tó bi wá bóyá àwa fẹ́ràn Ọbásanjọ́ tàbí a kò fẹ́ràn rẹ̀. Ahọ́n wa ni wọ́n fi mọ̀ wá. Àgbà kan nínú wa máa ń dáhùn pé òun kò tíì rí lẹ́tà kankan gbà láti Ọ̀tà. Ó ń fi ṣe àwàdà ni, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé ní ọjọ́ 18 oṣù November 2004, tí Dariye padà sórí àga, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n gbà á. Àjèjì tó bá wọ ìlú lọ́jọ́ náà yóò rò pé ogun ló ṣẹ́ bọ̀. A ti ronú lórí èyí títí. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó jó lọ́jọ́ náà ló gbà pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Púpọ̀ nínú wọn jó nítorí pé wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ wọn fún oṣù mẹ́fà, ìjọba sì padà dé ọwọ́ wọn. Ẹni tí a bá fi ipá gba nǹkan rẹ̀ kì í yẹ nǹkan náà wò fínnífínní lọ́jọ́ tí ó bá rí i gbà padà.

Ohun tó tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ ọ́ ní 2006. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn ilé rántí pé ní January ọdún náà, aṣòfin 18 nínú 32 ní Ìbàdàn kéde pé àwọn yọ Rashidi Ladọja, nígbà tí òfin ní kí ó jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Jos ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù November: aṣòfin 8 péré nínú 24 ló jókòó ní ìdájí tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ wọn, wọ́n sì ní àwọn ti yọ Dariye. Wọ́n fi igbákejì rẹ̀, Michael Botmang, jẹ gómìnà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá Ladọja padà ní December 2006, ó sì dá Dariye náà padà ní April 2007, nígbà tí ó ku bí oṣù kan kí sáà rẹ̀ parí. (Botmang tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, EFCC gbé òun náà lọ sílé ẹjọ́ ní 2008; ó kú ní 2014 kí ẹjọ́ tó parí.)

Lójú tiwa, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ owó di ohun ìgbàgbé. Àwọn ará ìlú tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé níbo ni owó wà, wọ́n pa ìbéèrè náà tì, wọ́n mú ti ìwà ìrẹ́jẹ. Ẹni tó fẹ́ mú afurasí olè tó sì gba ojú fèrèsé wọlé onílé ní òru, òun ni gbogbo àdúgbò yóò kígbe lé. Bí Dariye ṣe di ẹni tí a fìyà jẹ nìyẹn lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò yà wá lẹ́nu pé ní 2011, nígbà tí ẹjọ́ EFCC tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn ará Àárín Plateau dìbò fún un, ó di sẹ́nátọ̀, wọ́n sì tún dìbò fún un ní 2015. Èyí ni ìdáhùn ìbéèrè ọmọ yẹn. Kò sí iṣẹ́ oṣó níbẹ̀. Òfin kò tíì dá a lẹ́bi, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti dá a láre kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀.

Adájọ́ sọ̀rọ̀ níkẹyìn. Ní 2015 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí ó lọ jẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù June 2018, Adájọ́ Adébùkọ́lá Bánjókò dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá fún un l'Ábùjá, tòun ti orúkọ sẹ́nátọ̀ lára rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí ọdún mẹ́wàá ní November ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní March 2021. Ní April 2022 ìjọba Bùhárí dárí jì í pẹ̀lú Jolly Nyame tó jẹ gómìnà Taraba àti àwọn mìíràn, 159 ni gbogbo wọn. Ó jáde kúrò lẹ́wọ̀n Kuje ní August. Ẹ sì gbọ́ o, lọ́jọ́ tí ìdájọ́ jáde ní 2018, àwọn kan tún wá bá wa pé: "Ọmọ yín obìnrin ló rán ọmọ wa lọ sẹ́wọ̀n." Láti Ọbásanjọ́ dé Bánjókò, a kò bọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ní Terminus. Owó wo ni adájọ́ ń sọ? Owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ránṣẹ́ fún àtúnṣe ilẹ̀ ni, fún ọ̀gbàrá àti ilẹ̀ tó bàjẹ́. Ìwé ẹ̀sùn pè é ní ₦1.162 bílíọ̀nù. Ilé ẹjọ́ rí i pé apá kan nínú rẹ̀ gba inú àkáǹtì ilé iṣẹ́ aládàáni kan lọ. Ẹni tó bá ń gbé Plateau kò nílò kí a ṣe àlàyé ilẹ̀ tó bàjẹ́ fún un. Òyìnbó wa kùsà níhìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Nítorí kùsà ni ọkọ̀ ojú irin fi dé, nítorí rẹ̀ ni àwọn bàbá wa fi wá, àwọn kan láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé, àwọn púpọ̀ láti tajà fún àwọn tó ń wa ilẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà kú, wọn kò di ihò rẹ̀. Adágún ni gbogbo wọn dà, láti ẹ̀yìn Bukuru títí dé Barkin Ladi. Lójú, wọ́n lẹ́wà. Àwọn àgbẹ̀ ń fa omi wọn sí oko tòmátì àti ànàmọ́ òyìnbó. Ṣùgbọ́n etí wọn ga, ó ń ya, ìsàlẹ̀ wọn kò sì ṣeé mọ̀. Ọmọdé ń kú síbẹ̀.

Adágún kì í béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ wẹ̀ nínú oòrùn March, bí ó jẹ́ ọmọ Bẹ́rọ́ọ̀mù, bí ó jẹ́ ọmọ Haúsá, bí ó jẹ́ ọmọ Ìgbò tàbí ọmọ tiwa, omi kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni òjò July 2012, nígbà tí omi Lamingo kún kọjá ààlà tó sì gba ilé àwọn tó ń gbé etí odò, àwọn tó kú lé ní ọgbọ̀n. A kò sọ pé owó 2001 ìbá dá òjò 2012 dúró. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé irú iṣẹ́ tí owó náà wà fún nìyẹn, àwa náà sì wà nínú àwọn tí wọ́n rán an sí. Nígbà tí a ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, owó tiwa náà ni a fi ń rẹ́rìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé àgbéré pé ìwà àwọn ará ibí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dá Olóyè Bọ́dé George lẹ́bi l'Ékòó ní October 2009 lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn ibùdókọ̀ òkun, tí ó sì jáde lẹ́wọ̀n ní February 2011, àwa Yorùbá ló rán aṣọ ẹbí, àwa la lu ìlù, tí a sì bá a ṣe ìdúpẹ́ ní Kàtídírà Marina. Òtítọ́ ni pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé ẹ̀bi náà ní December 2013, a gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn tó wọ aṣọ ní 2011 kò mọ ohun tí ilé ẹjọ́ yóò sọ lọ́dún 2013. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà ni wọ́n rán mọ́ aṣọ.

Àwọn òyìnbó náà ń ṣe é. Ní Toronto ní Kánádà, níbi tí ọmọ àwọn kan nínú wa ń gbé, Rob Ford jẹ olórí ìlú láti 2010 sí 2014. Ní October 2013 ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà sọ ní gbangba pé fídíò kan tó kan án ti tẹ àwọn lọ́wọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ford fi jẹ́wọ́ pé òun ti fa kokéènì rí. Ìgbìmọ̀ ìlú gba púpọ̀ nínú agbára rẹ̀, wọn kò lè gba orúkọ oyè náà. Àìsàn ni kò jẹ́ kó tún du ipò olórí ìlú ní 2014, síbẹ̀ ó du ipò ìgbìmọ̀ fún àdúgbò rẹ̀, wọ́n sì yàn án. Ó kú ní 2016. Bí ẹ bá bi àwọn tó dìbò fún un, wọn yóò sọ pé bí àwọn bá pè é lórí tẹlifóònù, òun fúnra rẹ̀ ní í pe àwọn padà. Ó gbọ́ tiwọn. Ìyẹn náà ni ọ̀pọ̀ ará Bokkos yóò sọ nípa ẹni tiwọn, a kò sì lè fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ìjọba kò kí rí kì í gbàgbé ẹni tó kí i.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan dábàá pé kí ẹgbẹ́ rán aṣọ kan náà, kí a fi lọ pàdé òṣèlú kan tí ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí, nígbà tí ó bá dé. A kò ní í dárúkọ rẹ̀, ẹjọ́ náà kò tíì parí. Àwọn àgbà tó gbè sẹ́yìn àbá náà ní ìdí tó lágbára. Wọ́n ní àlejò ni wá. Wọ́n ní bí gbogbo ẹ̀yà bá jáde tí tiwa kò jáde, wọn yóò sàmì sí wa lára, àti pé lọ́jọ́ tí ọmọ wa bá ń wá ààyè ilé ìwé tàbí tí ìyá wa bá ń wá ṣọ́ọ̀bù, wọn yóò rántí. Ẹni tó bá la 2001 àti 2008 kọjá ní ìlú yìí kò ní í fi ẹ̀rù wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa kò ṣe é.

Ṣùgbọ́n a rò ó, a kò lè fara mọ́ ọn. Bí ẹni kan nínú wa bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkùnrin náà, kí ó lọ kí i nílé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, kí ó gbé iṣu dání, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Aṣọ ẹgbẹ́ yàtọ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ ń sọ pé gbogbo wa ti gbọ́ ẹjọ́ náà, a sì ti dá a. Bí adájọ́ bá wá dá a lẹ́bi lọ́la, aṣọ wà nínú àpótí wa, fọ́tò wà lára ògiri wọn. Bí ó bá dá a láre, a ó lọ kí i kú oríire nígbà náà, kò ní í pẹ́ jù. Ìdáàbòbò tí àwọn àgbà wa sì ń wá, aṣọ kò fún wa rí. A wọ aṣọ fún àwọn ènìyàn ṣáájú 2001, a sì mọ iye ṣọ́ọ̀bù tó kù.

Ohun tó ń dáàbò bo ẹni níhìn-ín, bí a bá wò ó, ni aládùúgbò tó mọ̀ wá. Nítorí náà ni àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ fi gbà láti bá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, ti ẹ̀yà gbogbo, kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà kí òjò tó dé, kí wọ́n sì fi igi gbígbẹ́ ṣọgbà yí adágún tó wà lẹ́yìn ilé ìwé ká. Ẹgbẹ́ yóò san owó igi àti wáyà. Akápò yóò lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, iye tó wọlé àti iye tó jáde, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìpàdé wa ń bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù tuntun, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A ó dìbò lórí àbá aṣọ náà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì, kí ó mú un dání, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ọrùn ṣọ́bìrì náà.